Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ọmọ Tí Kò Ní Jẹun Àfi Bó Bá Rí Fóònù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti ní kí ẹ kọ̀wé sí mi lórí ohun tí ẹ fi ń dá àwọn ọmọ kéékèèké lára yá, ìwé kò dáwọ́ dúró. Ẹlòmíì kọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ẹlòmíì ń fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo sì gé wọn kúrú. Ẹ rántí pé tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan dókítà, mo máa sọ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á túbọ̀ dá yín sí fún wa. Àdìrẹ ni mò ń tà ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ mi ọkùnrin á pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri ọjà, ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà mí, mo bá ń gbé fóònù fún un kó lè jókòó. Ní báyìí, bí kò bá sí kátúùnù níwájú rẹ̀, kò ní la ẹnu gba oúnjẹ. Ó ń ka ABC látòkè délẹ̀, ó mọ orúkọ àwọ̀ lóríṣiríṣi ní èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n bí mo bá ní "lọ bá mi mú bàtà mi wá", ńṣe ló máa dúró tí á máa wò mí. Pọ́tákọ́tù ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, alaalẹ́ ló ń pè é lórí fídíò. Ìyá ọkọ mi ní mo ti fi fóònù ba ọmọ àwọn jẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe? (Aládìrẹ, Ìtòkú)

MÀMÁ TÍṢÀ: Ọmọ mi, o ò ba ọmọ jẹ́. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì bi wọ́n, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ o, bóyá wọ́n lè máa bá ọ mú un dání fún wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rí ohun tó ń ṣe ọmọ, òun náà ló yẹ kó bá wa gbé e pọ̀n.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ìpè bàbá rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìyẹn kì í ṣe kátúùnù. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tún ìmọ̀ràn wọn ṣe lọ́dún 2016, wọ́n ní kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 máa wo ojú ẹ̀rọ, àmọ́ wọ́n yọ ìpè orí fídíò kúrò nínú ẹ̀. Bàbá á dá ọmọ lóhùn, ohun tó fà á nìyẹn. Bí ọmọ bá na bọ́ọ̀lù sókè, bàbá á ní, "Háà, ta ló rà á fún ẹ? Gbá a kí n wò ó." Kátúùnù kò lè bi ọmọ léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lọ́dún 2003, obìnrin onímọ̀ kan, Patricia Kuhl, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án jọ, ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé, wọ́n sì ń fi èdè Ṣáínà bá wọn ṣeré. Àwọn kan jókòó ti ẹni tó ń sọ èdè náà lójúkojú, ó ń kàwé fún wọn, ó ń fi ohun ìṣeré hàn wọ́n. Àwọn mìíràn rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú tẹlifíṣọ̀n ni. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí èèyàn bá ṣeré ti ń dá àwọn ìró èdè Ṣáínà mọ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ò mú nǹkan kan jáde níbẹ̀. Wọn ò sàn ju ọmọ tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà rí.

Ó ṣeé ṣe kí ABC tí ọmọ rẹ ń kà jẹ́ orin tó há sórí. Ẹni tó kọ ọ́ fún un kò dúró gbọ́ èsì rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní kí ọmọ mú bàtà wá ní láti nàka sí bàtà, kó dúró, kó tún un sọ, kó sì yọ̀ nígbà tí bàtà bá dé, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló mú wá.

Síbẹ̀, ṣọ́ nǹkan kan fún mi. Nígbà tí fóònù kò bá sí nítòsí, dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí o pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú, bí kò bá tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀ ní èdè kankan, tàbí tí kì í nàka sí ohun tó bá fẹ́, má ṣe dúró gbọ́ ti ẹni tó máa ní "ọmọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀". Gbé e lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí ilé ìwòsàn tó bá yá ọ, kí dókítà wò ó, kí wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò. Bí etí bá dá, ọkàn rẹ á balẹ̀. Bí kò bá dá, ó sàn kí a tètè mọ̀.

Ó dáa, ẹ̀yin òbí a máa bi mí pé báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, wọn ò fẹ́ kó wo ojú ẹ̀rọ rárá. Láti ọdún méjì sí mẹ́rin, wọ́n ní kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì dín, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń parí kíkà sí nìyẹn. Àmọ́ ìlànà náà kò tíì tán: kí ọmọ ọdún mẹ́ta máa fi wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ lo ara rẹ̀, kí wákàtí kan nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó máa mú un mí hẹlẹhẹlẹ, kó sì sun wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́tàlá, oorun ọ̀sán wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta! Èyí fi hàn pé ọmọ tó ń sáré káàkiri Ìtòkú kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti ń sá a ni kò dáa.

Wàyí o, orí oúnjẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ ni, torí ebi máa ń pa á gan-an nígbà náà. Fóònù rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ìwọ náà ò gbọ́dọ̀ gbé tìrẹ dání. Gbé àwo kalẹ̀, kí ìwọ náà jẹ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àmàlà láfún lẹ jẹ, fi í sílẹ̀ kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú, kó fi ewédú ya gbogbo àyà; aṣọ ṣeé fọ̀. Bó bá sunkún, bá a sọ̀rọ̀, má bínú, má sì gbé fóònù. Bí kò bá jẹ, palẹ̀ àwo mọ́, má sì fi bisikíìtì ṣìpẹ̀ fún un lẹ́yìn wákàtí kan. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá kì í febi pa ara rẹ̀ nítorí kátúùnù. Ariwo á wà o, n ò ní parọ́ fún ọ. Kí ìyá ọkọ rẹ má wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bó bá ṣeé ṣe.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ìwọ lo ní ohun ìṣeré ju gbogbo wa lọ. Kó àjákù aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn télọ̀ ń gé dànù jọ fún un. Mú ọsàn kan, fi aṣọ bò ó, fi ìko dì í lọ́rùn níṣojú rẹ̀, tú u, kí o wá gbé gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó máa dì í mọ́ ìka ara rẹ̀. Ọsàn máa yí bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ó máa pè ọ́, wàá sì dá a lóhùn láìkúrò lọ́dọ̀ oníbàárà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ẹ̀yin aládìrẹ oníko ń lò, mo mọ̀, àmọ́ ẹnu ni ọmọ máa gbé e sí, nítorí náà ọsàn ni kó jẹ́. Bí o bá ń wọn aṣọ, jẹ́ kó bá ọ ka yáàdì, ení, èjì, ẹ̀ta, kó di etí aṣọ mú. Ṣùgbọ́n ibi ìkòkò aró, níbi tí sódà wà, kó má ṣe fẹsẹ̀ kàn án. Ìyẹn kò ní àwàdà nínú.

Wákàtí kan tó kù fún fóònù, lò ó nígbà tó bá wúlò fún ọ jù, bóyá nígbà tí àwọn tó wá láti Èkó bá kún ṣọ́ọ̀bù. YouTube ṣe tọmọdé lọ́tọ̀ láti ọdún 2015, YouTube Kids ni wọ́n ń pè é. O lè ṣe aago sí i kó pa ara rẹ̀, o sì lè ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé fídíò tí ìwọ fúnra rẹ bá fọwọ́ sí nìkan ni á máa jáde. Ṣe é bẹ́ẹ̀. Má gbé YouTube tìrẹ fún un, torí bí ọ̀kan bá parí, òmíràn á tẹ̀ lé e, ìwọ kọ́ lo yàn án. Lọ́dún 2017, ariwo sọ lágbàáyé nítorí fídíò tó ń lo àwòrán kátúùnù tí àwọn ọmọ mọ̀, tó sì jẹ́ pé ìpayà àti ìwà ipá ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó di 2019, Google àti YouTube gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí, kí wọ́n lè fi polówó ọjà. Ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ ní ọjà tó ń tà, bí ìwọ náà ṣe ní tìrẹ. Kò fẹ́ kí oníbàárà kúrò ní ìsọ̀.

Irú kátúùnù náà tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Virginia mú ọgọ́ta ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Apá kan wo kátúùnù tó ń sáré, tí àwòrán rẹ̀ ń yí wìrìwìrì. Apá kejì wo èyí tó ń rọra lọ. Apá kẹta jókòó, wọ́n ń ya àwòrán. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lójú ẹsẹ̀, àwọn tó wo oníìsáré ò lè mú sùúrù, wọn ò sì lè pa ọkàn pọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Wọn ò sọ pé ó pẹ́ lára wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ ro ti ọmọ tó wo oníwákàtí mẹ́rin, tí o wá ní kó jókòó jẹun. Bí o bá fẹ́ yan, yan èyí tó ń falẹ̀ tó fi sú ìwọ alára.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Tíṣà bíi tiyín ni mí, ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni mo wà, ní ìhà Ọbáńtokò ni à ń gbé. Ọmọ mi jẹ́ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ mẹ́fà. Wọ́n ṣí ibi ìṣeré kan ládùúgbò wa, tó ní ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Owó ìwọlé ọmọ méjì níbẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni nílé wa. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n gbádùn. Níbo ni mo lè mú wọn lọ ní Sátidé nínú Abẹ́òkúta yìí? (Bàbá Ọmọ Méjì)

MÀMÁ TÍṢÀ: Ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìnáwó. Ilé rọ́bà yẹn ò burú, ẹ fi sí ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì sọ ọjọ́ náà fún wọn kí wọ́n lè máa retí rẹ̀.

Òkè Olúmọ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní gbogbo ènìyàn ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn àlejò ló ń lọ síbẹ̀! Ẹ bi àwọn ọmọ ilé ìwé yín, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá kò gùn ún rí. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí àwọn ọmọ wọ bàtà tí kì í yọ̀, kí ẹ sì mú omi dání. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè kọ́ ni kí ẹ wò, àtẹ̀gùn àtijọ́ tó gba àárín àpáta ni kí ẹ gbà, torí àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni eré. Ẹ di ẹni ọdún mẹ́rin mú lọ́wọ́.

Ẹ máa fẹ́ sọ ìtàn fún wọn, mo mọ̀ wá, àwa tíṣà: ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́, ogun, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe forí pamọ́ sábẹ́ òkúta. Ẹni ọdún mẹ́fà á gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rin kò bìkítà. Alángbá olórí pupa tó ń mi orí lórí àpáta ni á máa wò, ẹ jẹ́ kó wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé inú ihò tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí, àwọn kòtò róbótó kan wà nínú òkúta níbẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan jẹ. Ẹ jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ bi í pé, "Bó bá jẹ́ ìwọ lò ń gbé ibí, kí lo máa lọ nínú ẹ̀?" Ẹ má tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ kan dá mi lóhùn nígbà kan pé yìnyín ni òun máa lọ. Kò burú. Bí ẹ bá dókè, ẹ ní kí wọ́n wá Odò Ògùn fún yín láàárín orí ilé onípáànù tó ti dípẹtà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa gbé ìgò omi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ tún lè lọ wo ẹranko. Ọgbà ẹranko wà ní ọgbà ilé ìkàwé Ọbásanjọ́ ní Òkè Mọ́sàn, ọ̀kan sì wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà. Ọ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan o, kí ẹ má lọ ṣe é bí ìbẹ̀wò gómìnà. Ẹ béèrè owó ìwọlé kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn owó oṣù, ẹ mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 ń dúró ní ibùdó Wọlé Ṣóyínká, ní Láderin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ sì pa fóònù yín mọ́ sápò.

Àwọn Sátidé yòókù ń kọ́? Tíṣà kì í wá ṣọ́ọ̀kì tì. Ẹ ya súwè sójú kọnkéré iwájú ilé. Ẹ pe ọmọ àwọn aládùúgbò, kí wọ́n ṣe ẹkùn mẹ́ràn, kí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ ẹkùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún ẹni ọdún mẹ́fà ní òkòtó. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i rà báyìí, àmọ́ bàbá yín á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun náà á sì rí ìdí láti wá kí yín.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ-ọmọ mi pé ọdún mẹ́rin, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún un. DJ pe àwọn ọmọ síwájú, ó ní ẹni tó bá mọ ìdí mì jù ló máa gba ẹ̀bùn. Orin tó gbé sí i, àgbà bíi tèmi ò lè tún un sọ. Àwọn ìyá ń fi fóònù yà wọ́n, wọ́n ń náwó fún wọn. Mo dìde láàárín èrò, mo ní kí wọ́n pa á. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ṣé mo ṣe àṣejù? (Ìyá Àgbà, Aké)

MÀMÁ TÍṢÀ: Ẹ kò ṣe àṣejù, Mà. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti lọ fa wáyà yọ.

Ijó kọ́ là ń bá jà. Ẹ̀gbá wo ló máa ní kí ọmọ má jó? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ ohun tí ìdí tí wọ́n ní kó mì ń sọ. Àgbà tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ló mọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Bí wọ́n bá wá ju owó sí i, ó ti kọ́ ọmọ náà ní nǹkan kan nípa ara rẹ̀ tí kò tíì lọ́rọ̀ láti fi bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ pe ìyàwó yín, kì í ṣe níṣojú ọkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ ìnáwó, ó ṣe wàhálà, ìrẹsì yẹn kò se ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kó bá yín yọ fídíò náà kúrò lórí WhatsApp, kó sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìwàásù kún un. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ ní ẹ̀yin ló máa gbé onílù wá. Ẹnì kan tó mọ gángan lù, tó lè pe oríkì ọmọ náà kí ọmọ sì fẹsẹ̀ dá a lóhùn, ó tó gbogbo ẹ̀rọ DJ, kò sì ní dí wọn létí. Bó bá jẹ́ DJ náà ni wọ́n ṣì fẹ́, kí ìyá ọmọ fún un ní orin tó máa lò ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n sì jókòó àwọn ọmọ jìnnà sí spíkà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ẹni tó ń wọ awọ ẹranko onírun ńlá wá sí ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ yín rèé: bí ọmọ bá ń ké, ẹ má fi tipátipá gbé e sí i lọ́wọ́ nítorí fọ́tò. Ẹlòmíì nínú wọn kì í tíì mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Tíṣà, ìyàwó mi máa ń pa àlọ́ Ìjàpá fún ọmọ wa ọdún mẹ́rin lálẹ́. Ìjàpá ń jalè, ó ń purọ́, ó ń tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ. Ṣé ìwà burúkú kọ́ la fi ń kọ́ ọmọ? (Bàbá kan, Ìbarà)

MÀMÁ TÍṢÀ: Ó dà bíi pé ẹ máa ń sùn lọ kí àlọ́ tó parí. Ìjàpá bu àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀, ó dé e mórí. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ bí orí rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn náà? Ó bó, ó pá kodoro, lójú àna! Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Mo máa ń dá àlọ́ yẹn dúró ní kíláàsì kí fìlà tó dé orí, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin, kí ni ẹ̀ bá ṣe?" Ọmọbìnrin kan ní òun máa sọ fún ìyá ìyàwó kó bù ú sí kúlà fún òun gbé lọ sílé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Olè tí ẹ ń bẹ̀rù ló gbọ́, ohun tó sì mú jáde nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tọrọ.

Ẹ lọ jókòó ti ìyàwó yín lálẹ́, kí ẹ máa bá wọn gbe orin. Ọmọ á ní kí ẹ tún ti àná pa. Ẹ tún un pa, ẹ má yí i padà, torí bí ẹ bá ṣi ibì kan sọ, ó máa dá yín dúró. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ rọ́pò rẹ̀: "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọ tó ti rí i tí wọ́n ń ro ọkà nílé á gbà á pé orógùn ni. Ọmọ tí kò rí i rí, ẹ mú un lọ sí ilé ìdáná lọ́la.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí ọmọ wa ra ọmọlangidi tó ń kọrin fún un láti Èkó. Ìdérí ibi tí bátìrì rẹ̀ wà ti já. Àwọn bátìrì pẹlẹbẹ róbótó bíi bọ́tìnnì yẹn ló ń lò. Ṣé a lè fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́? (Ìyá Ọmọ Ọdún Kan Ààbọ̀)

MÀMÁ TÍṢÀ: Rárá. Ẹ yọ bátìrì náà kúrò nísinsìnyí, kí ọmọlangidi máa dákẹ́. Bí ọmọ bá gbé irú bátìrì yẹn mì, tó há sí i lọ́nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ó lè jó ibẹ̀ débi pé ó lè gba ẹ̀mí. Bí ẹ bá tiẹ̀ fura pé ó gbé e mì, ẹ má duro wò ó bóyá á yàgbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ má fi ọwọ́ kì í lọ́fun kó bì, ẹ má fún un ní epo pupa. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray ni kí ẹ gbé e sáré lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé bátìrì ni, kí wọ́n má ní kí ẹ tò sórí ìlà. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e tọ̀tún-tòsì kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Kí ẹ sì yẹ rìmóòtù, àti káàdì ọjọ́ ìbí tó ń kọrin tí ẹ kó sínú dúrọ́ọ̀, wò. Irú bátìrì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò.